Àwọn Àna Wa Láti Ìràndùn

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ọ̀nà Ìràndùn lónìí, mo lè júwe rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ẹdẹ. Ẹ ó jáde, ẹ ó kọjú sí ọ̀nà Ara, ẹ ó wọ Ara, ẹ ó kí wọn níbẹ̀ nítorí pé èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹ ó sì jáde ní Ara. Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Òkè ló forí lé. Ẹ ó kọjá òṣùpá, ẹ ó kọjá oòrùn, ẹ ó sì máa lọ títí oòrùn tó ń dá wa lágara ní Ẹdẹ yìí yóò fi kéré ju iná àtùpà ẹni tó ń ta ẹ̀pà lọ. Nígbà tí ẹ bá rí oòrùn méjì lójú sánmọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kadà kì í ná ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ kì í ná ibẹ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan nínú ẹbí wa ti lọ, ó ti bọ̀, ó sì jábọ̀ fún gbogbo ilé pé àwọn èèyàn ibẹ̀ lawọ́, iyán wọn sì dára. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dá sí i nígbà tí àwọn ọmọ ìwòyí bá ń jiyàn lórí fóònù wọn bóyá ẹ̀dá kan wà lókè lọ́hùn-ún tàbí kò sí. Nílé tiwa, a ti wádìí ọ̀rọ̀ náà parí.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, mi ò tíì ga kọjá etí kànga ilé wa. Òwò ni bàbá àti ìyá mi ń ṣe ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kí n lè mọ ilé, kí èdè mi má baà ya òmùgọ̀. Ikọ́ Bàbá Àgbà ló máa ń jí wa. Bàbá Àgbà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú ilé wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pe ìrun, wọn yóò kọ́kọ́ wúkọ́ láti fi tún ọ̀fun ṣe, ikọ́ náà ló sì máa ń ṣiṣẹ́ ju ìpè lọ. Lẹ́yìn ikọ́, korobá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara kànga. Lẹ́yìn korobá, ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀, ohùn àwọn ọmọ ilé kéú tí wọ́n ń ké ohun tó wà lára wálà wọn bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jà. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n pín fún mi láti máa gbá. Igi yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ so, ewé ló mọ̀ ọ́n wọ́, ó sì máa ń dúró kí n gbá a tán kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà la fi ń ṣínu. Lọ́sàn-án a ó jẹ ẹ̀wà, lálẹ́ a ó jẹ òkèlè, ẹni tó bá sì jẹun kù, Ìyá Àgbà yóò bi í bóyá ó ti kọ́kọ́ jẹun nílé ọkọ kó tó wálé, ì báà jẹ́ ọkùnrin.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni iṣẹ́ gidi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gúsí ni Ìyá Àgbà ń tà, bíbó ni wọ́n sì ń tà á, àwa ọmọ ilé ni a ń bó o. Ẹni tó bá ti bó ẹ̀gúsí rí mọ̀ pé iṣẹ́ tí ń múni sùn ni. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó bá ṣe, ojú á máa wọ́ lọ sílẹ̀, ẹ̀gúsí á máa bọ́ sẹ́nu dípò abọ́. Àǹtí Ràfíá ló wá oògùn rẹ̀. Àwọn ni àbíkẹ́yìn Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá mi. Wọ́n wà ní kíláàsì ìparí nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dún yẹn, wọ́n ga, ara wọn kì í balẹ̀, ẹnu wọn sì mú débi pé Ìyá Àgbà máa ń ní kí wọ́n fi díẹ̀ pa mọ́ de ọjọ́ ogbó. Inú yàrá wọn ni mò ń sùn. Àwọn ló ń dirun mi, àwọn ló ń wẹ̀ mí, àwọn náà ló ń nà mí tí mo bá jà nílé ìwé, wọn yóò sì wá lọ bá ẹni tí mo bá jà jà. N kò rántí pé ìyá mi jìnnà sí mi àfi ìgbà tí àlejò bá káàánú mi. Àǹtí Ràfíá ṣàkíyèsí pé bí àwọn bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ wa ń yá. Bí àwọn bá dákẹ́, ọwọ́ wa á dákẹ́. Bí wọ́n ṣe dá Ìràndùn sílẹ̀ nìyẹn, láàárín abọ́ ẹ̀gúsí méjì, láti orí ohun tí tíṣà jọ́gíráfì kọ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìlú ńlá ni Ìràndùn. Oòrùn méjì ló ń ràn níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń wọ̀ ni ìkejì ń yọ, nítorí náà ilẹ̀ kì í ṣú, bí ìjà bá sì bẹ́ sílẹ̀, kì í tán, torí kò sí ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ọmọ Ìràndùn kì í pọnmi. Omi fúnra rẹ̀ ló máa ń gòkè wá kan ilẹ̀kùn, tí yóò béèrè bóyá wọ́n fẹ́ òun lónìí. Ẹni tó kéré jù nínú ilé ni olórí ilé, torí pé òun ni kò tíì gbàgbé nǹkan púpọ̀. Èyí dùn mọ́ mi gan-an. Ìyá Àgbà tó ń fẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ tú, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí Àǹtí dákẹ́, nítorí ẹ̀gúsí tó ń jáde látọwọ́ wa láti ìgbà tí Ìràndùn ti dé kò kéré.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Múfù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ibi tí Ìràndùn wà gan-an. Múfù ní òkè Ara ló wà, nítorí ìràwọ̀ kan tó máa ń tàn yòò lápá ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èmi ní òkè Alájùẹ ni, nítorí mo rí ìràwọ̀ kan náà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a jí lọ sóko, ó sì dá mi lójú pé ó mọ̀ mí. Nígbà tí a fẹ́ẹ́ fi abọ́ gbára wa lórí, Àǹtí Ràfíá mú èédú, wọ́n kó wa lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n sì yàwòrán sára ògiri. Nísàlẹ̀, wọ́n ya oòrùn. Wọ́n fa òbìrí mélòó kan yí i ká, wọ́n sì ní ayé wa yìí ni ẹ̀kẹta sí oòrùn. Wọ́n wá gun odó, wọ́n na ọwọ́ dé abẹ́ páànù, wọ́n sì ya Ìràndùn síbẹ̀, kékeré, pẹ̀lú oòrùn rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ sọ òkè Ara, a kò gbọ́dọ̀ sọ òkè Alájùẹ. Ìràndùn jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè rẹ̀, àwa gan-an, àti Ẹdẹ, àti Ara, àti Alájùẹ, la ń yí kiri bí ẹni tí orí ń fò.

Mo béèrè ohun tí àwọn ará Ìràndùn ń pe Ẹdẹ. Àǹtí ní wọn kò mọ Ẹdẹ. Wọn kò mọ ayé. Oòrùn wa nìkan ni wọ́n ń rí lókèèrè, tíntín báyìí, wọn kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ wá ni, abà ni wọn ì bá máa pè wá, bí àwa ará Ẹdẹ ṣe máa ń pe Alájùẹ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá dọ́kàn. Múfù kọ̀, kò bó ẹ̀gúsí mọ́ lọ́jọ́ náà, ó ní kò sí ìlú tó lè fojú abà wo Ẹdẹ, kì í ṣe ní ayé, kì í ṣe lókè. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí ará Ẹdẹ kan ń sọ̀rọ̀ Alájùẹ bí ẹni pé ẹ̀yìn odi ayé ni, ògiri ilé ìdáná yẹn ni mo máa ń rántí, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ó yẹ kí n sọ nípa Bàbá Kékeré kí n tó máa lọ. Àbúrò Bàbá Àgbà ni wọ́n, àwọn ni ojú wọn sì mú jù nínú ẹbí wa. Bí ààwẹ̀ bá ku dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo àdúgbò jáde láti wo oṣù, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, tí àwọn ọ̀dọ́ gun orí òrùlé tí wọn kò rí nǹkan kan, Bàbá Kékeré nìkan ni yóò rí i. Kò sí ọdún tí wọn kì í rí i. Ọdún kan wà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n rí i láti inú yàrá. Bàbá Àgbà máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi, wọn yóò sì wá ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí ńlá láti béèrè bóyá wọ́n rí i níbẹ̀. Ìwà Bàbá Kékeré nìyẹn: bí ẹ bá rán wọn láti lọ wo ohun kan, wọn kì í já yín kulẹ̀.

Ní ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé ni Àlàájì oníṣòwò obì kan láti Ìwó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa ju bí ọ̀rọ̀ obì ṣe gbà lọ. Ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà ni. Ó ní ìyàwó méjì, ó mọ̀wà hù, bisikíìtì rẹ̀ kì í sì í tán lápò. N kò rí àléébù kan lára rẹ̀, àfi pé Àǹtí Ràfíá ló fẹ́ mú lọ. Ìyá Àgbà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Àgbà kò sọ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò sì sọ pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Àǹtí Ràfíá fẹ́ lọ sí Pólì bí èsì ìdánwò àṣejáde bá ti jáde. Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ọdún tó kọjá. Àlàájì ní ìwé kò burú, pé ìmọ̀ tó pọ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun náà. Ẹ̀rù bà mí lọ́sẹ̀ yẹn débi pé mo ń di ẹ̀gbẹ́ ìró Àǹtí mú sùn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá lọ, ọjọ́ náà gan-an ni màá di ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì.

Nílé wa nígbà náà, ọmọbìnrin kì í la ẹnu sọ pé òun kò fẹ́ ẹni tí àwọn àgbà mú wá. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà mọ ẹ̀sìn wọn dáadáa, wọ́n sì mọ̀ pé kò tọ́ kí ọkùnrin kan lọ tọrọ ọmọ tí ẹlòmíràn ti ń tọrọ lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ìdílé ẹni náà, ká mọ̀ bóyá àrùn kan ń bá wọn jà, ká mọ̀ bóyá wọ́n máa ń lu ìyàwó, kí wọ́n tó lè kọ̀ ọ́ kí wọ́n sì dá ẹlòmíràn lóhùn. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Àgbà pe Àǹtí Ràfíá síwájú Ìyá Àgbà àti Bàbá Kékeré.

"Ràfíátù, ṣé ẹnì kan ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọmọ ibo?"

Àǹtí wo ilẹ̀ díẹ̀. "Ọmọ Ìràndùn ni."

"Apá ibo ni wọ́n ń pè ní Ìràndùn?"

"Ẹ ó kọjá Ara, Bàbá. Ó wá jìn díẹ̀ sí i."

Ọwọ́ èmi àti Múfù dúró sórí ẹ̀gúsí. Mo rò pé Bàbá Àgbà yóò bínú, tàbí kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ mọ àwọn àgbà ilé wa. Àtìpó ló ń sọ pé òun kò mọ ìlú tí wọ́n dárúkọ; ọmọ Ẹdẹ gidi kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà ní hẹn-ẹn, wọ́n mi orí. Ìyá Àgbà ní àwọn rò pé àwọn ti ra ẹ̀gúsí lọ́wọ́ obìnrin ibẹ̀ kan rí, pé ẹ̀gúsí wọn máa ń rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá Kékeré ní àwọn mọ ọ̀nà ibẹ̀ láti ìgbà èwe, pé ó ku díẹ̀ kí àwọn bá wọn dá oko kan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó já wọn nírọ́, nítorí náà Bàbá Àgbà ní kí Bàbá Kékeré lọ wádìí.

Ọgbọ́n tí Àǹtí Ràfíá dá, bí wọ́n ṣe sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà, ni pé Bàbá Kékeré yóò wá Ìràndùn títí, yóò padà wá béèrè ọ̀nà, a ó tún júwe fún wọn, wọn yóò tún lọ, títí èsì ìdánwò yóò fi jáde. Ọgbọ́n tó dára ni. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìwà Bàbá Kékeré. Wọ́n wọ agbádá funfun lọ láàárọ̀, wọ́n sì pẹ́ níta tó bí ó ṣe yẹ kí èèyàn pẹ́ tí ọ̀nà bá jìn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n sì jábọ̀. Wọ́n ní àwọn dé Ìràndùn. Wọ́n ní ilé ọmọkùnrin náà wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, bàbá rẹ̀ ga, kò sí wèrè nínú ìdílé, kò sí ẹ̀tẹ̀, wọn kì í lu ìyàwó. Wọ́n gún iyán fún àwọn. Orúkọ ọmọkùnrin náà ni Sùlémọ́nù, ojú rẹ̀ sì tutù. Báyìí ni Àǹtí Ràfíá ṣe gbọ́ orúkọ ọkọ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ràn òtítọ́ nígbà náà ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ báyìí lọ, nítorí náà mo béèrè bóyá omi ń kan ilẹ̀kùn níbẹ̀. Bàbá Kékeré wò mí pẹ̀lú sùúrù, wọ́n ní omi kì í ṣe ìṣòro wọn rárá. Múfù ní oòrùn wọn ńkọ́? Wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ pọ̀, pé òun gan-an ló sọ àwọn di dúdú báyìí. Múfù kọjú sí mi, ó ní ṣé mo rí i, òkè Ara ni.

Inú Bàbá Àgbà dùn sí ìròyìn náà. Wọ́n ní ìdílé rere ni, pé kò sí ìdí kankan láti kọ̀ wọ́n, kí àwọn ará Ìràndùn wá mọ̀ wá, kí a sì fi ọ̀wọ̀ dá Àlàájì lóhùn. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àǹtí Ràfíá yọ̀. Mi ò rí ẹni tí ayọ̀ bá lójijì tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí Àǹtí bá sọ pé Bàbá Kékeré purọ́, wọ́n ti sọ pé àwọn náà purọ́. Bí wọ́n bá sì dákẹ́, àna yóò máa bọ̀ láti ìlú tí àwọn fi èédú yà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n kírun ọ̀sán, Bàbá Kékeré wá bá Àǹtí lẹ́yìn ilé ìdáná. Èmi ń fọ ìkòkò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fọ ìkòkò kì í ṣe èèyàn lójú àgbà.

"Ràfíátù," ni wọ́n wí, "níbo gan-an ni ìlú yẹn wà?"

"Ẹ̀yin lẹ débẹ̀, Bàbá Kékeré."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tún un dé. "Ara ni mo dé. Ọ̀rẹ́ mi tó wà níbẹ̀ ní kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú. Mo wá rò ó pé bí mo bá padà wálé sọ bẹ́ẹ̀, òpùrọ́ ni wọn yóò pè ọ́."

Wọn kò sọ ohun tí wọn ì bá pe àwọn náà, àwọn tí wọ́n ti mọ ọ̀nà láti ìgbà èwe. Àǹtí kò sì bi wọ́n. Àǹtí mú èédú bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì, wọ́n fi tọ́ka sí ògiri, wọ́n fi oòrùn hàn wọ́n, wọ́n fi ayé tó jẹ́ ẹ̀kẹta hàn wọ́n, wọ́n sì nawọ́ sókè dé abẹ́ páànù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni. Bàbá Kékeré gbé ojú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n tún gbé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rò pé wọn yóò bú Àǹtí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n rán wọn, wọ́n sì wá ń wádìí.

"Ta ló ń gbé láàárín àwa àti àwọn?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Bí wọ́n bá fẹ́ kírun, ibo ni wọn yóò kọjú sí?"

Àǹtí kò tíì ro èyí rí. Mo rí i lójú wọn. "Ayé lódindi ni wọn yóò kọjú sí, Bàbá."

"Ìsàlẹ̀ nìyẹn."

"Bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ tiwọn, àwa la wà lókè."

Bàbá Kékeré dúró wo ògiri náà pẹ́. Ó hàn lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, pé ibì kan lè wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń wá ojú ọ̀nà Mẹ́kà níbẹ̀, Ẹdẹ náà yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Ara, pẹ̀lú ilé ìdáná wa. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Àǹtí ní ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, èyí tí a ń rí ní ìrọ̀lẹ́, ti gbéra kí wọ́n tó bí Bàbá Kékeré.

"Ó ti gbéra?"

"Ó ti gbéra."

Ohun tí Bàbá Kékeré ń wá nìyẹn. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti sọ fún Bàbá Àgbà pé àwọn àna wa ti gbéra, ṣùgbọ́n kí wọ́n ní sùúrù fún wọn, pé ọ̀nà wọn jìn gan-an. Irọ́ kankan kò sí nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́, tí Bàbá Kékeré máa ń wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ẹ̀gúsí láti gbọ́ Ìràndùn, kí ẹnu wọn lè bára mu.

Àlàájì Ìwó gba ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn. Ó ní bí ẹlòmíràn bá ti ṣáájú òun, òun kò ní bá a du ú. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn kí ọdún tó yí po, kò sì dẹ́kun obì mímú wá. Èsì ìdánwò jáde, ó dára. Ìyá Àgbà ní kí Àǹtí jókòó sílé de àwọn àna, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ní kò bójú mu kí èèyàn rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá, kó wá bá ìyàwó tó ń jókòó lásán. Àǹtí Ràfíá wọ Pólì. Èmi náà jọ̀wọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró wọn. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn àna wa ń bọ̀. Bí Iléyá bá dé, Bàbá Àgbà yóò ní kí a yọ itan àgbò kan sọ́tọ̀ fún wọn, Ìyá Àgbà yóò sì yan án gbẹ. Bí wọn kò bá dé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwa ọmọdé ni a ó jẹ ẹ́ lórúkọ wọn. Èmi fúnra mi jẹ ẹran Sùlémọ́nù lọ́dún púpọ̀. Bàbá Kékeré kì í jẹ́ kí ìròyìn ọ̀nà gbẹ: òjò ti bá wọn lójú ọ̀nà, ẹnì kan nínú wọn ń ṣàìsàn, wọ́n ti ń súnmọ́.

Àǹtí Ràfíá di tíṣà. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, wọ́n kọ́lé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, wọn kò sì lọ́kọ. Àwọn tó wá tọrọ wọn wà, mo mọ méjì nínú wọn, Àǹtí sì fi ohùn tútù sọ fún wọn pé àwọn àna ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn èèyàn àdúgbò máa ń káàánú wọn nítorí Sùlémọ́nù. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé Ìwó kò jìnnà rárá. Ẹni tó gbéra ní Ẹdẹ láàárọ̀ yóò jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Inú bí mi fún ìgbà pípẹ́ pé ó gba kí á lọ dé ẹ̀yìn oòrùn kí ọmọbìnrin kan tó lè rí àyè sọ pé òun kò lọ sí Ìwó. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Bóyá Bàbá Àgbà gba ọ̀rọ̀ Ìràndùn gbọ́, mi ò lè sọ. Ládàánì ni wọ́n, ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pe ìrun, wọn kò sì béèrè ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ nínú òjò ọdún kan, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo sì wálé láti bá wọn tọ́jú Bàbá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo wa wà ní yàrá: Ìyá Àgbà lórí àpótí, Bàbá Kékeré tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi àti Àǹtí Ràfíá nísàlẹ̀ ẹní. Bàbá Àgbà la ojú.

"Àwọn àna wa dà?"

"Wọ́n ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Bàbá Kékeré dáhùn.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn mi ni wọ́n dé, kí ẹ fún wọn lóúnjẹ. Ẹni tó rin irú ọ̀nà yẹn, ebi yóò ti pa á." Wọ́n sinmi, a sì rò pé wọ́n ti parí. "Bí wọ́n bá jẹun tán, kí ẹ sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n máa padà lọ."

Ìyá Àgbà ní kí ló dé, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí?

"Ibẹ̀ jìn jù," ni Bàbá Àgbà wí. "Bí Ràfíátù bá ń sunkún níbẹ̀, mi ò ní gbọ́."

Bàbá Kékeré sorí kọ́, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú. Àǹtí Ràfíá, tíṣà àgbà tí gbogbo ilé ìwé ń bẹ̀rù, di ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà mú lórí ẹní pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Mi ò lọ mọ́, Bàbá," ni wọ́n wí.